Bí mo ṣe fa iná fún bọ́ọ̀dù op-amp látinú preamp àtijọ́, àti owó tó bá a lọ

Owó àtúnṣe tí kò yẹ kó wáyé rárá ju owó tí mo fi ra bọ́ọ̀dù náà lọ. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Preamp mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù sókè kó tó dé amplifier, ti pẹ́, transistor nìkan (èròjà kékeré tó ń gbé ohùn sókè) ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní ihò hẹ́dífóònù. Mo ra bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń lo NE5532, ìyẹn op-amp, chip kan tó ń gbé ohùn sókè, kí n lè máa gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lóru láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwé pélébé tó bá bọ́ọ̀dù náà wá ní kí n fa iná níbikíbi nínú preamp tí mítà bá ti ka 20V sí 40V. Ìlànà yẹn ló kó mi sí gbèsè.

Ẹni tó ti di irin sódà mú rí mọ bí wọ́n ṣe ń to bọ́ọ̀dù àti bí wọ́n ṣe ń lu ihò sára irin, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ibi tí mo ti fa iná ni ọ̀rọ̀ wà. Mo tẹ̀ lé ìwé, mo sì mú ibi tí iná ti mọ́ jù, ìyẹn capacitor (èròjà tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀) tó ń bọ́ apá rẹ́kọ́ọ̀dù. Mítà ka 32V, kò mì rárá. Mo so bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, mo tan án, orin dún díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pú-pú-pú-pú bí ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ́ kú. Mo yí ohùn sílẹ̀, kò dákẹ́. Orin tó ń já wá láàárín rẹ̀ ti há lọ́fun, apá òsì sì burú ju ọ̀tún lọ.

Mo gbé e lọ fún àtúnṣe. Ẹni tó gbà á ò fi mítà kan ojú iná wò. Ó ní àwọn transistor apá rẹ́kọ́ọ̀dù ti kú, ó pààrọ̀ wọn, ó pààrọ̀ àwọn capacitor tó yí wọn ká, ó gbowó rẹ̀. Mo gbé e délé, pú-pú-pú náà ló ṣì ń ké! Mo wá fi mítà wo àwọn transistor tó yọ, kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ irú wọn ò wọ́pọ̀ mọ́.

Ni mo bá jókòó ti ojú iná náà fúnra mi, bọ́ọ̀dù wà lẹ́nu iṣẹ́, mítà wà lórí capacitor yẹn. 32V ti di nǹkan bíi 21V. Mo tọ wáyà padà sẹ́yìn: capacitor ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn diode (àwọn tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ní 38V, ṣùgbọ́n resistor 1.2kΩ kan, èròjà tó ń dí iná lọ́nà, wà láàárín òun àti ibi tí mo ti fa iná. Apá rẹ́kọ́ọ̀dù kì í gbà ju nǹkan bíi 5mA lọ, torí náà ni àwọn tó ṣe preamp fi lè gbé irú resistor bẹ́ẹ̀ sójú ọ̀nà láti fi sẹ́ iná. NE5532 nìkan á gba bíi 8mA kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Tí bọ́ọ̀dù bá wá gba 10mA gba inú 1.2kΩ, 12V ti lọ nìyẹn.

Pú-pú-pú náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Tí bàsì bá wọlé, bọ́ọ̀dù á fa iná sí i, fóltéèjì tó ń bọ́ apá rẹ́kọ́ọ̀dù á já wálẹ̀, ìjábọ́ yẹn á wọnú ohùn, ohùn á padà dé inú bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù á tún fa iná. Bó ṣe ń yí po nìyẹn. Transistor wo ló wá kú?

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí wù mí gan-an. Mo pa iná, mo dúró títí mítà fi fi hàn pé capacitor ti ṣófo, mo wá fa wáyà tuntun látorí capacitor ńlá yẹn gan-an. Ó gba inú resistor 100Ω àti capacitor 220µF, ó dé LM317, chip tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan. Mo fi 120Ω àti 2.2kΩ dè é sí 24V. Àwòrán ìsopọ̀ púpọ̀ máa ń lo 240Ω dípò 120Ω, ṣùgbọ́n LM317 lè nílò tó 10mA kó tó dúró dáadáa, 120Ω sì ti fún un níyẹn. Ẹ má lo 7824, chip mìíràn tó ń dá fóltéèjì dúró sí 24V, níbí: 40V ni òpin ohun tó lè gbà, 38V sì ti sún mọ́ ọn jù bí iná bá gbé sókè.

Pú-pú-pú dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù ni hùùù kan, 100Hz, èyí tí iná 50Hz máa ń fà. Ìwé pélébé yẹn náà ló tún fà á, ó ní kí n so wáyà dúdú mọ́ irin èyíkéyìí. Mo gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ìdí capacitor ńlá, níbi tí gbogbo ground preamp (ojú òdo fóltéèjì rẹ̀) ti pàdé, mo sì fi ike ya ihò hẹ́dífóònù kúrò lára irin. Hùùù náà lọ. Ojú 12V, ìdajì 24V, tí bọ́ọ̀dù fi ṣe àárín iná rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan irin rárá o, nítorí ẹsẹ̀ òdì iná preamp yìí ti wà lára irin.

Bí mo bá tún máa ṣe irú èyí, resistor 3.3kΩ tó lè gba ààbọ̀ watt ni màá kọ́kọ́ so mọ́ ibi tí mo fẹ́ fa iná, kí n tó ra bọ́ọ̀dù rárá. Lórí 32V, á gba nǹkan bíi 10mA. Tí fóltéèjì bá já ju 1V lọ, ẹ wá ibòmíràn.

Mo ti fi sódà lẹ àwọn transistor àtijọ́ padà sáyè wọn, torí apá òsì àti ọ̀tún ò bá ara wọn mu mọ́ pẹ̀lú àwọn tuntun. Transformer kò gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bàsì tó lágbára jù lọ nínú àwọn àwo mi kò sì mú 32V yẹn mì mọ́.