Bátìrì ọkọ̀ ìgbòkun mi kì í kún: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra ọkọ̀ ìgbòkun kan tí wọ́n kàn ní 1979. Marina, l'Ékòó níbí, ni mo so ó sí. Bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún sítáátà, èkejì fún iná àti rédíò. Mo máa ń tan ẹ́ńjìnnì bí mo bá ń jáde lọ sí Tarkwa Bay, mo sì tún ń tàn án bí mo bá ń padà bọ̀, síbẹ̀ bátìrì iná kì í kún. Wọ́n ní kí n ra alternator tuntun, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi ṣáàjì bátìrì. Ṣé kí n lọ rà á?

Ìdáhùn: Má tíì lọ ọjà Ládípọ̀, àbúrò. Wá mítà tí wọ́n fi ń wọn fóòtì (volt) ná. Alternator kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dẹwọ́. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń darí ẹ̀, iná díẹ̀ tó ń fi sínú kóìlì tó ń yí nínú alternator ló sì fi ń darí ẹ̀. Bí iná inú kóìlì bá pọ̀, èyí tó ń jáde á pọ̀. Bó bá dín in kù, tìyẹn náà á dínkù. Rẹ́gúlétọ̀ ayé ọjọ́un kò ní ju ojú ìwọ̀n kan lọ, bíi fóòtì 14 tàbí díẹ̀ lé. Bí fóòtì bá ti débẹ̀, yóò fà á sẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé bátìrì kò tíì kún dé ìdajì.

Mọ́tò ni wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún. Dánfó tó ń ná Ìyànà Ìpájà sí CMS, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sinmi látàárọ̀, ìwọ̀nba tí sítáátà bá jẹ á sì tètè padà. Ọkọ̀ tìrẹ, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. O tan iná mọ́jú, o wá fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú péré. Níbo ló ti fẹ́ kún?

Bó o ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyí. Láàárọ̀, kó o tó tan ohunkóhun, wọ̀n bátìrì iná. Fóòtì 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ku ìdajì. Wá tan ẹ́ńjìnnì, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ̀n ẹ̀yìn alternator, kó o tún wọ̀n orí bátìrì. Bó o bá rí 14.1 lẹ́yìn alternator, tó o sì rí 13.4 lórí bátìrì, alternator rẹ kò ní àìsàn kankan. Ẹnìkan ló ń jẹ iná lójú ọ̀nà.

Wá nǹkan onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí eyín òòyà, tí wáyà ńlá mẹ́ta wọnú rẹ̀. Diode ló wà níbẹ̀. Oníbodè ni: ó ń jẹ́ kí iná kọjá sí bátìrì méjèèjì, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀kan fa ti èkejì jẹ. Àmọ́ ó ń gba owó ibodè, bíi fóòtì 0.6 sí 0.7. Rẹ́gúlétọ̀ kò mọ̀, torí ẹ̀yìn alternator ló ń wò. Bí rẹ́gúlétọ̀ tìrẹ bá ní wáyà tó fi ń wo fóòtì, gbé ẹnu wáyà yẹn lọ sórí bátìrì iná, fi fíúsì kékeré sí i, kó o sì dè é pinpin, nítorí bó bá já, rẹ́gúlétọ̀ á rò pé bátìrì ti gbẹ, á wá máa ṣáàjì láìdúró. Bí kò bá ní, yọ oníbodè yẹn, kó o fi rìlé (relay, súwíìṣì tó ń dá ṣiṣẹ́) tó ń mọ fóòtì dípò rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rìlé ju.

Kó o tó ṣe gbogbo èyí ṣá, wo fáànù bẹ́líìtì àti wáyà ẹ́ẹ̀tì. Iyọ̀ etí òkun ti sọ ọ̀pọ̀ wáyà bàbà di aláwọ̀ ewé.

Ìbéèrè: Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà áńpíà tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ́gúlétọ̀ nígbà yẹn: wọ́n á yí i sókè, wọ́n á jókòó ti mítà, wọ́n á sì yí i wálẹ̀ bí bátìrì bá ń kún. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, fóòtì á kọjá 15, omi bátìrì á máa hó, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ lè gba inú ọkọ̀, gáàsì tó ń jáde sì lè bú gbàù bí iná bá ta sí i. Mo bẹ̀ ọ́, tú wáyà rẹ̀. Ooru Èkó pàápàá kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Dígírì Celsius 25 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìṣirò ooru bátìrì. Bó bá fi dígírì 1 lé lórí ìyẹn, ó yẹ kí fóòtì ṣáàjì fi bíi 0.03 rẹlẹ̀. Bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó gbóná dé dígírì 35, fóòtì 14.1 ló yẹ ẹ́, kì í ṣe 14.4 tó bá dígírì 25 mu.

Ìbéèrè: Gílóòbù pupa tó ń fi hàn bóyá alternator ń ṣáàjì kì í tàn mọ́ bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, àfi kí n tẹ ẹ́ńjìnnì gan-an kó tó máa ṣáàjì.

Ìdáhùn: Gílóòbù ló jó. Inú rẹ̀ ni iná àkọ́kọ́ tó ń jí alternator ń gbà kọjá. Pààrọ̀ rẹ̀ sí irú kan náà, má fi LED sí i.

Ìbéèrè: Súwíìṣì ńlá tí wọ́n fi ń yan bátìrì, tó ní 1, 2, BOTH (méjèèjì) àti OFF ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, o lè ti 1 gba BOTH lọ sí 2. Má gba OFF kọjá láé. Iná alternator kò ní ríbi lọ, fóòtì á fò sókè, diode inú rẹ̀ á sì jó lójú ẹsẹ̀. Mo ti tú irú ẹ̀ rí: ẹni tó ni ín fẹ́ pa iná inú ọkọ̀ ni, ìgbà tó rántí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Pa ẹ́ńjìnnì ná, kó o tó yí i sí OFF. Kọ ọ́ sára súwíìṣì náà kí ẹni tó bá bá ọ jáde lè rí i.