Bí Mo Ṣe Mú Golf Mi Wálẹ̀ Láì Sọ Ọ́ Di Ọmọláńke

Ọkọ̀ Volkswagen Golf 4 mi ga jù lójú mi. Àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti fẹ́ńdà fẹ̀ débi pé ọwọ́ mi ń gba ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ màmá mi ló máa ń jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n. Ara tiwọn ni mo fi ṣe òdiwọ̀n.

Mẹkáníìkì mi ní, "Brọ̀dá, kí lẹ fẹ́ máa náwó sí? Ẹ jẹ́ n bá yín gé sípíríǹgì." Mo ní ó tì o. Sípíríǹgì tí wọ́n bá gé, ṣe ló ń le sí i, ojú ibi tí wọ́n gé kì í sì í jókòó dáadáa mọ́.

Ọkọ̀ tó wálẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fọ́ ni lára, àìsí àyè ni. Bó bá ti wálẹ̀ jù, ibi tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ń rìn á kúrú, á wá máa gbá rọ́bà orí rẹ̀ ní gbogbo gálọ́ọ̀pù. Torí náà, mo fi sípíríǹgì tó ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní mílímítà 60 sílẹ̀, mo mú sípíríǹgì Eibach Pro-Kit, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní nǹkan bíi 30. Bí sípíríǹgì yẹn bá ṣe ń tẹ̀ tó ló ń le tó.

Ṣọ́ọ̀kì ló gba owó gidi. Bilstein ti Jámánì ni mo rà: B6 wọn wà fún ọkọ̀ tí kò tíì wálẹ̀, B8 ni wọ́n ṣe kúrú fún irú tèmi.

Nígbà tí a ń so wọ́n, mo ní kí mẹkáníìkì má tíì fún bóòtù bọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ó wò mí títí. Rọ́bà ni bọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá fún un pa nígbà tí táyà ń rọ̀ dirodiro, ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá jókòó kó lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀ tán kó tó fún un. Lẹ́yìn náà ló kan alignment, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n wọ rímù 18 fún un. Ṣùgbọ́n bí rímù bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń kúrú tó. Táyà 195/65 R15 mi, ti rímù 15, ni mo fi sílẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ga yẹn wà lára ohun tó ń gba gálọ́ọ̀pù mọ́ra.

Ó le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, màmá ò ráhùn. Bọ́ǹpù àdúgbò wa tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ gogoro nìkan ni mo ń rọra fi ẹ̀gbẹ́ gùn. Bí ọkọ̀ bá kún, ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì ṣì máa ń ha á.