Ìkóríta kan náà, ọ̀pọ̀ fọ́tò

Ìbéèrè: Ibì kan náà ni mo máa ń dúró sí ya ìkóríta kan láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àmọ́ bí mo bá ń ṣí àwọn fọ́tò náà tẹ̀léra, ńṣe ni òpó iná ń fò sọ́tùn-ún sósì.

Ìdáhùn: Ibi tí ẹsẹ̀ pè ní ibì kan náà, kámẹ́rà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan péré tó láti gbé òpó tó wà nítòsí kúrò lójú ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, wá nǹkan méjì tó fara kan ara wọn, ọ̀kan nítòsí, ìkejì lọ́ọ̀ọ́kán. Etí òpó àti igun fèrèsé lèmi ń lò: bí ògiri tín-ín-rín bá yọjú láàárín wọn, mo mọ̀ pé mo ti yẹ̀, màá sì rọra sún títí wọn á tún fi kan ara wọn. Fi zoom, òrùka tó ń fa àwòrán súnmọ́ tàbí jìnnà, sí 35mm, kí o lẹ téèpù mọ́ ọn. Ọwọ́ kì í gbọ́ràn.

Ìbéèrè: Ìrọ̀lẹ́ àti ọ̀sán jọra jù nínú fọ́tò mi.

Ìdáhùn: Kámẹ́rà ló ń bá ọ "tún un ṣe". Tí white balance, ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe, bá wà lórí ọ́tò, tí kámẹ́rà ń yàn fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí funfun ṣáà jẹ́ funfun. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó sọ ògiri di idẹ, á fọ̀ ọ́ dànù. Fi í sí 5500K, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, má kúrò níbẹ̀. Abẹ́ òjìji á wá dà bí aró, gílóòbù á pọ́n. Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè: Alẹ́ mi mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán.

Ìdáhùn: Ọ́tò náà ni. Dín exposure, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà, kù sí −1 tàbí −2.

Ìbéèrè: Òjò ń rọ̀ yàà, kò hàn. Lẹ́ǹsì tún ń bo fún kùrukùru.

Ìdáhùn: Òjò kì í hàn níwájú ojú ọ̀run funfun. Wá ibi tó ṣókùnkùn, bí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa ti ẹ̀yìn òjò náà bọ̀. Tí kámẹ́rà bá lajú fún 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, á fà á gùn bí òwú. 1/1000 á sọ ọ́ di ẹ̀kán. Ní tèmi, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí títì ṣì ń dán, ló dùn yà jù. Ti kùrukùru yẹn, kámẹ́rà tútù ló bọ́ sínú ooru. Kí o tó jáde, dì í sínú nylon, so ẹnu rẹ̀ pinpin, má tú u títí ara kámẹ́rà á fi gbóná bí ti ìta.