Bí A Ṣe Ń Mọ Ìrísí Mólékù
Kí ẹ tó ya mólékù, ẹ ka àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní méjì-méjì yíká átọ́ọ̀mù àárín, kí ẹ pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdì, kí ẹ sì ka ìsopọ̀ onílọ̀ọ́po méjì sí ìdì kan. Nítorí pé wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n á jìnnà síra dé ibi tí àyè gbà: ìdì méjì á wà ní 180°, mẹ́ta ní 120°, mẹ́rin ní 109.5° bíi ti methane, gáàsì tí átọ́ọ̀mù carbon rẹ̀ so hydrogen mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Òṣogbo lè ra bàlúùnù mẹ́rin ní Ọjà Ọba, kí ó so ẹnu wọn pọ̀. Bíi ti ìdì mẹ́rin náà, wọn kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdì tí kò so átọ́ọ̀mù kankan ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń gba àyè jù, tó fi jẹ́ pé igun ammonia (gáàsì NH₃), tó ní irú ìdì bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan, dín sí 107°, ti omi, tó ní méjì, sì di 104.5°. Ipò átọ́ọ̀mù nìkan la fi ń dárúkọ ìrísí, nítorí náà mólékù omi tẹ̀, kò gún.