Bí A Ṣe Ń Fi Ìdin Oníyẹ̀fun Dán Àwọ̀ Ìkìlọ̀ Wò

Tata aláwọ̀ mèremère tó máa ń bo oko ẹ̀gẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Á jókòó sórí ewé, dúdú àti ìyeyè ara rẹ̀ á máa tàn, ẹ sì lè fọwọ́ mú un bí ẹni ń ká ilá. Tata aláwọ̀ ewé ní tiẹ̀ á ti fò lọ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni pé tata oko ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ òdòdó ewé Akíntọ́lá, ó sì ń tọ́jú oró inú rẹ̀ sára. Kódà ó ń fi díẹ̀ sínú ẹyin rẹ̀. Ẹyẹ tó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan á rántí àwọ̀ náà.

Iṣẹ́ méjì ni irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìdánwò ilé-ìwé ló sì ń da méjèèjì pọ̀. Ó ń jẹ́ kí ọ̀tá tètè rí kòkòrò, èyí sì burú fún un. Ó tún ń jẹ́ kí ọ̀tá rántí ìyà tó jẹ tẹ́lẹ̀, èyí sì ń gbà á là. Ìdánwò tí a fẹ́ ṣe yìí ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọjọ́ méjì péré ló ń gbà níta, pẹ̀lú ìdin ayédèrú 120.

Ẹ po 90 g ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ 30 g ọ̀rá funfun tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, kí ẹ fi omi ṣíbí kékeré méjì sí mẹ́ta rò ó títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ẹ má lo màgaríìnì. Ó ti ní àwọ̀ ìyeyè tirẹ̀ tí yóò ba àwọ̀ ewé jẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní iyọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba. Ẹ fi aró oúnjẹ pa ìdá kan ní àwọ̀ ewé, kí ẹ pa ìdá méjì yòókù ní ìyeyè. Iye ẹ̀kán aró kan náà ni kí ẹ kán sí ìdá kọ̀ọ̀kan, torí aró náà ní adùn tirẹ̀. Kí gbogbo wọn lè tóbi bákan náà, ẹ gé imú sírínjì tuntun 1 ml tí kò ní abẹ́rẹ́ kúrò, kí ẹ sì ti ìyẹ̀fun gba inú rẹ̀. Ohun tó ń jáde máa fẹ̀ tó 5 mm. Ẹ gé e ní 30 mm, 30 mm, kí ẹ kó o sínú fíríìjì fún wákàtí kan kó lè le.

Ogójì ni àwọ̀ ewé, ogójì ni ìyeyè lásán, ogójì tó kù ni ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín kun ìlà dúdú mẹ́rin mẹ́rin sí lára. Ìyeyè lásán yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ìdánwò dúró lé. Bí ẹyẹ bá yẹra fún oní-ìlà ṣùgbọ́n tó ń jẹ ìyeyè lásán, ìlà náà ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ewé nìkan ló bọ́, pé a kò rí i ló gbà á là.

Tí ẹ bá fẹ́ ìdin gidi tí ẹ máa wò ṣe àpẹẹrẹ, ẹ lọ síbi igi bomubomu. Lórí ewé rẹ̀ ni ẹ máa rí ìdin labalábá Danaus chrysippus: dúdú, funfun àti ìyeyè ló fi dá abala abala, pẹ̀lú ìwo dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ méjì méjì níbi mẹ́ta lára. Oje funfun bomubomu yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe wàrà fi ń jẹ́ kí wàrà dì, ṣùgbọ́n kò dára fún ojú rárá, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ tó kàn án nu ojú.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa òwú tínrín gba inú ìdin kọ̀ọ̀kan ní òró, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀ka tó ga tó mítà kan àti ààbọ̀. Tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, adìyẹ àdúgbò ló máa jẹ ẹ́, iye yín á sì dàrú. Ẹ má lo píìnì. Ẹyẹ lè gbé e mì. Ẹ fi àyè mítà márùn-ún sáàárín ìdin kan àti èkejì, kí ẹ sì fi ìbò mú èyí tó kàn nínú àpò. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹyẹ kan ṣoṣo lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára ti àkọ́kọ́ kó sì jẹ gbogbo ìlà náà tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá dà bíi pé ẹyẹ ogún ló wá. Ẹ gbé wọn síta ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn wákàtí 24 àti 48.

Ìdin tí ẹyẹ jẹ máa ń ní àpá onígun mẹ́ta tàbí kó gé sí méjì. Alángbá máa ń fi àmì tóótòòtó sílẹ̀ ní ìlà tó tẹ̀. Ti eku jẹ́ ojú eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ara rẹ̀ bá rí wúruwùru bí ẹni fi ayùn họ ọ́, èèrà ni. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye. Fasilíìnì díẹ̀ tí ẹ bá fi yí ìdí ẹ̀ka ká máa ń dá èèrà dúró. Ìṣòro tó ṣòro jù ni èyí tó pòórá pátápátá. Nítorí náà ni a ṣe máa ń kọ́kọ́ fi 30 tí a fi amọ̀ aláwọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré mọ dán ibẹ̀ wò: amọ̀ kò ṣeé jẹ, àpá eyín á wà lára rẹ̀.

Ká ní ẹyẹ bu 18 nínú àwọ̀ ewé, 24 nínú ìyeyè lásán, 12 nínú oní-ìlà. Àpapọ̀ 54, ó yẹ kó jẹ́ 18 lọ́nà kọ̀ọ̀kan bí àwọ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, kí 22 sì ṣẹ́kù. Ìṣirò chi-square, èyí tó ń wọn bí ohun tí a rí ṣe jìnnà sí ohun tó yẹ ká rí, á fún yín ní 4 láti ọ̀dọ̀ èyí tí wọ́n bù àti 3.27 láti ọ̀dọ̀ èyí tó ṣẹ́kù, àpapọ̀ 7.27. Ó ju 5.99 lọ, ààlà tí a ń lò fún ọ̀nà mẹ́ta, ìyẹn ni pé kì í ṣe orí ire lásán. Ní iye kékeré bíi 10 lọ́nà kọ̀ọ̀kan, irú ìyàtọ̀ kan náà kò ní tó nǹkan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún un ṣe lórí pákó funfun, níbi tí àwọ̀ ewé pàápàá kò ti lè sá pamọ́. Bí oní-ìlà bá ṣì ń bọ́ jù, ìkìlọ̀ ni. Ẹ rántí pé irú sẹ́ẹ̀lì ìríran àwọ̀ mẹ́rin ló wà lójú ẹyẹ, mẹ́ta ni tiwa, ó sì ń rí ultraviolet, ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Ohun tó bá ewé mu lójú yín lè máa tàn lójú tirẹ̀.

Lọ́dún 1867, Charles Darwin béèrè lọ́wọ́ Alfred Russel Wallace, onímọ̀ nípa ẹ̀dá bíi tirẹ̀, ìdí tí àwọn ìdin kan fi ń tàn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì dàgbà débi tí wọ́n lè wá ẹnì kejì. Wallace dáhùn pé ẹyẹ tó bá gbé ìdin olóró sẹ́nu kó tó tu ú, ó ti ṣe é léṣe ná, nítorí náà ó sàn kó mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Àmọ́ ìbéèrè ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, wà níbẹ̀ síbẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ tó ní àwọ̀ yẹn ńkọ́, kí ẹyẹ kankan tó kọ́ ẹ̀kọ́? Ìdáhùn kan ni pé wọn kì í nìkan wà. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ́jọ tata kéékèèké tó ń pa láti inú ilẹ̀ ló lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ̀kọ́ tí ẹyẹ kọ́ á gba àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ là. Ẹ lè dán èyí náà wò: ẹ so oní-ìlà márùn-ún pọ̀ síbi kan, kí ẹ sì so ọ̀kan ṣoṣo síbòmíràn, ogún ibùdó lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ibùdó ni kí ẹ kà, ẹ má ka ìdin.

Ẹ má ṣe é nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ sì kọ oṣù tí ẹ ṣe é sílẹ̀. Àsìkò tí tata pọ̀ lóko, ẹyẹ ti mọ dúdú àti ìyeyè tẹ́lẹ̀. Ní oṣù tí wọn kò sí, ẹ lè máa bá ẹyẹ ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan pàdé. Ní wákàtí 48, ẹ tú gbogbo òwú kúrò, kí ẹ kà á pé ó pé 120.