Ọgọ́fà Ìṣẹ́jú Lọ́sẹ̀ Kan: Ohun Tí Igi àti Òkè Ṣe fún Ara Mi

Aránṣọ ni mí ní Adó-Èkìtì. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méje alẹ́, ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà, tí jẹnẹrétọ̀ ará iwájú àti ti ará ẹ̀yìn á máa dún mọ́ mi létí. Lọ́dún tó kọjá, ó dé ibi tí orí ń fọ́ mi lójoojúmọ́, tí oorun mi ò sì ju wákàtí mẹ́rin lọ. Mo rò pé ojú ni, mo lọ gba awò, orí ò yé fọ́. Nígbà tí wọ́n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, 148 lórí 94 ni. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ àti magí kù, kí n máa rìn, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí òun tó mọ̀ bóyá n óò bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣí mi lójú. Ó wá gba bùbá rẹ̀, ó wo ibi tí mo gbé ẹ̀rọ sí, ó ní, "Ìyá Tóbi, ṣé ògiri yìí lo máa ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wá jókòó, ó sọ fún mi nípa ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Roger Ulrich, tó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 46 wò. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania láàárín 1972 sí 1981. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi, ti àwọn 23 yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń rí igi tètè relé ju àwọn tó ń rí ògiri lọ, oògùn apàrora líle tí wọ́n gbà kò sì tó tiwọn. Ọdún 1984 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde.

Kò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá mi gbé ẹ̀rọ lọ sídìí fèrèsé. Igi máńgòrò Bàbá onílé ló wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Màmá nọ́ọ̀sì yìí náà ló sọ iye àkókò tí mo fi ṣe òdiwọ̀n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mathew White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tí èèyàn bí 20,000 dáhùn ìbéèrè nínú rẹ̀. Àwọn tó lo ó kéré tán 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan níbi tí igi, koríko tàbí omi wà, àwọn ló ń sọ jù pé ara àwọn le, pé ọkàn àwọn balẹ̀. Ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lò ó tán, ìbáà jẹ́ pé o pín in, ọ̀kan náà ni. Àkókò tí èèyàn lò nínú ọgbà ilé ara rẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n kà. Mo bi màmá bóyá kì í ṣe pé àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ló ń ráyè jáde. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, pé ìwádìí yẹn nìkan ò lè yanjú ìyẹn. Mo fẹ́ràn pé kò purọ́ fún mi. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kò lè pa mí lára, mo ní n óò gbé e wò fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Mo ra ìwé kékeré kan tí n óò máa kọ ìṣẹ́jú sí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀n lọ́jọ́bọ̀, wákàtí kan láàárọ̀ Sátidé. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, igi ọ̀pẹ àti igi ayùnrẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká. Kò sí ibi téèyàn kọjú sí ní Adó tí kò ní rí òkè. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní inú "òkìtì" ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ṣùgbọ́n mi ò dá lọ o. Bí ìlú ṣe rí báyìí, obìnrin kì í dá wọ igbó láàárọ̀ kùtù. Mo wá ìyá méjì ládùúgbò, a jọ ń lọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, a sì máa ń sọ fún ará ilé ibi tí à ń lọ àti ìgbà tí a óò dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo rìn, ó rẹ̀ mí, orí sì ń fọ́ mi síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá nọ́ọ̀sì, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Níbo ni fóònù rẹ máa ń wà?" Ọwọ́ mi ló máa ń wà. Mo máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, mo ń wo sítáìlì lórí WhatsApp, mo ń rìn lọ. Ó ní àwọn olùwádìí kan ní Michigan, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe irú ohun tí mò ń ṣe yìí, èèyàn 36, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì ń gba itọ́ ẹnu wọn kí wọ́n lè wo cortisol, ìyẹn ohun tí ara máa ń tú jáde nígbà tí wàhálà bá dé bá a. Láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń yára wálẹ̀ jù. Wọ́n sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí fóònù, kò gbọdọ̀ sí ìwé kíkà, kò gbọdọ̀ sí eré ìdárayá.

Láti ọjọ́ náà, fóònù ń wà nínú àpò, mo sì jáwọ́ nínú ìrìn kánkán. Mo wá òkúta kan jókòó lé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí àwọn ẹ̀gà. Mo ti ń gbọ́ ariwo wọn láti kékeré, gbogbo wa la mọ ariwo ẹ̀gà, ṣùgbọ́n mi ò jókòó wo ọ̀kan rí. Akọ ni èyí, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú. Ó bà lé ìmọ̀ ọ̀pẹ, ó fẹnu gé etí ewé kan díẹ̀, ó dì í mú, ó fò, ewé náà sì ya gbọọrọ tẹ̀lé e bí ìgbà tí mo bá fọwọ́ ya ankárá. Ó gbé e dé ìdí ìtẹ́ rẹ̀. Ó ki ṣónṣó rẹ̀ bọ ibi kan, ó yípo sí òdì kejì, ó fà á yọ, ó tún kì í bọ̀ ọ́ padà, bí a ṣe ń fọwọ́ ká etí aṣọ gẹ́lẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ, mo mọ ọwọ́ tó dáa tí mo bá rí i. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó so rọ̀ dorí kodò lábẹ́ ìtẹ́, ó ń lu ìyẹ́ kí abo lè wá wò ó. Abo kan wá, ó wọlé, ó jáde, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fọwọ́ kàn mí, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ti lọ. Mi ò rántí orí mi.

Mo ti ka ohun tí Stephen àti Rachel Kaplan, tọkọtaya ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá, sọ lórí èyí. Wọ́n ní ọkàn tí à ń fi tipátipá dì mọ́ iṣẹ́ máa ń rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ, omi, ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkàn máa ń wò wọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í, ibẹ̀ ló ti ń sinmi. Èyí bá ti èmi tí mò ń fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ látàárọ̀ mu wẹ́kú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, mo wọkọ̀ gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọko lọ sọ́dọ̀ màmá mi ní Èrìjìyàn. Mo bi wọ́n pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń roko láti ọdún yìí wá, ṣé ọkàn yín kì í balẹ̀ jù tiwa ará ìgboro lọ? Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, oko ríro kọ́ ni ìsinmi. Iṣẹ́ ni. Abẹ́ igi tí mo ti ń jẹun lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni ìsinmi wà." Ọ̀rọ̀ yìí ló yé mi jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú wọn lọ sí Ìkògòsì. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wọn rárá, síbẹ̀ wọn ò débẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. A jókòó sí ibi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti pàdé, wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ ìhà ọ̀hún, wọ́n ki ìkejì bọ ìhà ìhín, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo sọ fún wọn pé láti 1982 ni ìjọba Japan ti ń rọ àwọn èèyàn wọn láti máa lọ "wẹ̀" nínú igbó, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ àti òórùn igi ni wọ́n fi ń wẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mú àwọn ọmọ wá.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, wèrèpè já lù mí lọ́rùn nídìí àpáta. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, kó wọ aṣọ alápá gígùn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń wọlé, kó sì máa wo òkè kó tó gba abẹ́ ìtàkùn kọjá. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa náà ṣe kókó, nítorí ejò.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, 134 lórí 86 ni wọ́n bá. Dókítà ní kò tíì kan oògùn, kí n máa wá wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Mi ò ní sọ pé igi ló ṣe gbogbo rẹ̀; mo dín iyọ̀ kù, mo sì ń rìn. Ẹni tí wọ́n ti fún ní oògùn, kó má torí ohun tí mo kọ yìí fi í sílẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n oorun mi ti di wákàtí mẹ́fà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà sì sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé n kì í jágbe mọ́ àwọn mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ pé Bàbá onílé ti pe ẹni tó máa fi ẹ̀rọ gé igi máńgòrò náà, nítorí ewé rẹ̀ ń dí ojú ọ̀gbàrá, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ha páánù. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mi fún wọn, mo sọ ti àwọn aláìsàn 46 yẹn, mo ní èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni yóò máa gbá ewé náà lójoojúmọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Ẹ̀ka méjì tó wà lórí páánù nìkan ni wọ́n gé. Mo ti gbá ti àárọ̀ yìí kí n tó jókòó.