Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń kú kó tó jí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ tó tàn lánàá, tó sì kọ̀ jálẹ̀ lónìí, ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Mayfair, Ilé-Ifẹ̀. Mo kó díẹ̀ jọ síbí nínú àwọn ìbéèrè náà. Èyí tó gùn jù jẹ́ ti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà, obìnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ràn irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnjinníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Ìsọ̀kùn ti fẹ́ kó mi láyà sókè. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, iná iwájú rẹ̀ á tàn, fáànù á yí díẹ̀, ó tún kú. Ó lè tan ara rẹ̀, kó tún kú. Kò sí ohun tó máa ń hàn lójú mọ́nítọ̀. Tó bá di ọ̀sán, á ṣàdédé gbéra bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Àkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá àti èyí tí wọ́n yá ló wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n gbé e wá kí òun bá mi fọ́máàtì rẹ̀. Ṣé kí n gbé e fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún un. Fọ́máàtì ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí hard disk, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ yín wà, kúrò, kí wọ́n gbé Windows tuntun lé e. Kọ̀ǹpútà tiyín kò tíì dé ọ̀dọ̀ hard disk tó fi ń kú. Kí wá ni Windows tuntun fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Power pack, ìyẹn àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn, ló ń gba iná ilé, vólútì 230, tó ń sọ ọ́ di vólútì 12, 5 àti 3.3 tí inú kọ̀ǹpútà lè lò. Nígbà tí iná wọ̀nyí bá dúró dáadáa, á fi àmì ránṣẹ́ sí motherboard, pátákó ńlá inú rẹ̀ tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́, pé ó yá. Bí àmì yẹn kò bá wá, tàbí tó wá tó tún já, motherboard kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, yóò yẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) àti àwọn ẹ̀yà yòókù wò, tí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò hàn lójú mọ́nítọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá hard disk lọ, kó tó wá kan Windows.

Níbi tó bá dúró sí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn rẹ̀. Tiyín kò tíì kúrò nídìí iná.

Ìbéèrè: Kì í ṣe iná, ẹnjinníà. Gílóòbù ọ́fíìsì ń tàn yòò ní gbogbo ìgbà tó ń kú.

Ìdáhùn: Gílóòbù kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, mà. Àwọn gílóòbù LED tí à ń lò báyìí, púpọ̀ nínú wọn á máa tàn yòò bí iná tilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ohun tó mú mi fura ni pé àárọ̀ ló ń ṣe é, tí ọ̀sán sì ń tù ú lára. Láàárọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń lọṣọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi kànga, tí ẹni tó ní hot plate ń gbé omi ẹ̀kọ kaná. Iná á wá di háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Power pack tó ṣì lágbára lè fara da ìyẹn. Èyí tó ti gbó kò lè fara dà á. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: power pack tó ti gbó máa ń le láti gbéra nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, òwúrọ̀ ló sì máa ń tutù jù.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà láàárọ̀, kó tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Bó bá rí bíi 160 láàárọ̀, tó rí 220 lọ́sàn-án, ọwọ́ ti ba olè nìyẹn, stabilizer tó dára ló sì máa yanjú rẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kí ló wà láàárín ògiri àti kọ̀ǹpútà yín? Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀lé wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ti rí ọ́fíìsì tí extension wà lórí extension, tí UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná ró bí iná bá lọ, wà nídìí èkejì, tí wọ́n tún ki fáànù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Bátìrì inú UPS kékeré kì í gbé ju ọdún mélòó kan lọ. Tó bá ti gbó, UPS á máa ké, iná rẹ̀ á máa tàn, síbẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá béèrè agbára lójijì, á já a kulẹ̀. Ẹ yọ gbogbo wọn kúrò, kẹ́ ẹ ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ ògiri tààrà, fún ìdánwò nìkan o. Ẹ pààrọ̀ wáyà iná rẹ̀ pẹ̀lú ti mọ́nítọ̀ náà, torí irú kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀yìn àwọn power pack kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ojú 230 ni kó wà nílẹ̀ wa. Bí ọmọdé bá fi ìka ti i sí 115, tẹ́ ẹ sì tan iná sí i, ẹ ó gbọ́ “gbàà!”, èéfín á sì tẹ̀lé e.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é. UPS wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti pẹ́. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ Ajé, inú mi dùn. Ọjọ́rú ló tún padà sídìí ìwà rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun lè ṣí i. Kí ni kó wò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Kó yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá. Kó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè jáde, kó sì fọwọ́ kan ara irin àpótí náà kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Eruku ló máa kọ́kọ́ rí. Ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí ọyẹ́ ti kọjá lórí rẹ̀ léraléra, eruku lè bo fáànù kọ̀ǹpútà ibẹ̀ débi pé ẹ ò ní mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí wọn kò tíì lò ni kó fi gbọ̀n ọ́n. Kó má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ a máa bá èémí jáde.

Ẹ̀yìn náà ni RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìkọ́ dì mú ní eteetí. Ibí yìí ni kó ti fara balẹ̀. Kó ti ìkọ́ náà síta, RAM á ta sókè. Etí rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, kó fi ìrésà àwọn ọmọ iléèwé rọra ra á títí yóò fi dán, kó gbọn ẹ̀rún ìrésà dànù, kó tó dá a padà. Àlàfo kékeré kan wà tí wọ́n gé sí i lára. Bí kò bá bá ojú ihò mu, òdì ló gbé e, kó má fipá tì í. Tó bá bọ́ sípò, ìkọ́ á dún “kọ́”. Bó bá jẹ́ RAM méjì ló wà níbẹ̀, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò, torí pé ẹyọ kan tó bàjẹ́ lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Bó bá sì ń ké “pí, pí, pí” nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ ka iye igbe náà kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Kó tẹ wáyà ńlá tó ti ara power pack wá mọ́lẹ̀ dáadáa lórí motherboard, àti kékeré tó wà nítòsí fáànù processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kó wá wo àwọn kapásítọ̀, àwọn nǹkan bí agolo kéékèèké tó dúró lórí motherboard. Orí wọn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀kan bá wú, tàbí tí omi ti jáde lára rẹ̀ tó sì gbẹ mọ́ ọn, motherboard ló ń fẹ́ àtúnṣe yẹn.

Power pack fúnra rẹ̀, kó má dán an wò láti ṣí i. Iná máa ń kù nínú rẹ̀ tó lè gbé èèyàn ṣubú nígbà tí wáyà kò tilẹ̀ sí nínú ògiri.

Ìbéèrè: RAM ti dán bíi wúrà Gánà, kò sí èyí tó wú. Ohun kan tí mo gbàgbé láti sọ: aago rẹ̀ máa ń sọ fún wa pé ọdún 2009 la wà. Ṣé ìyẹn ló fà á?

Ìdáhùn: Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí motherboard, CR2032 ni wọ́n ń pè é, vólútì 3. Ó ti kú nìyẹn. Ẹ rà á níbi tí wọ́n ti ń ta bátìrì aago. Kì í sábà jẹ́ òun ló ń mú kó tàn kó kú bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí bí ọjọ́ kò bá péye, íntánẹ́ẹ̀tì á máa bá yín jà, ìwé gbèsè yín náà á sì máa gba ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè (olùkọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀): Tèmi ń tàn, àmì Windows ń hàn, àwọn ààmì róbótó ń yípo, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í débi tí mo ti máa fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i.

Ìdáhùn: Iná tiyín dára, sà. Ìdí Windows tàbí hard disk ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kọ́kọ́ gbé etí sún mọ́ ọn. Bó bá ń dún “kẹ́, kẹ́, kẹ́”, ẹ pa á, kẹ́ ẹ má tàn án mọ́. Hard disk ló ń lọ yẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án lẹ ń bà á jẹ́ sí i.

Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó kùnà bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta léraléra. Windows 10 àti 11 á gbé ojú ewé àtúnṣe jáde fúnra wọn. Ẹ tẹ Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, kẹ́ ẹ wá mú Startup Repair. Bí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí Uninstall Updates, pàápàá bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn àtúnṣe Windows ló bẹ̀rẹ̀. Safe Mode, níbi tí Windows ti ń gbéra pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan, wà nínú Startup Settings níbẹ̀ kan náà. Ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ kó sórí rẹ̀ gbẹ̀yìn. Reset this PC ni kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn pátápátá: kódà tẹ́ ẹ bá mú Keep my files, gbogbo ètò tẹ́ ẹ fi sórí rẹ̀ ló máa lọ.

Bó bá béèrè nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 48, BitLocker, kọ́kọ́rọ́ tí Windows fi ń ti hard disk, ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Nọ́ńbà náà sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tẹ́ ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹ sì lè fi fóònù wò ó.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sáwọn tó jù wá lọ. Ní July 19, 2024, ilé iṣẹ́ CrowdStrike, tó ń ṣe ohun ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kan tó ní àléébù ránṣẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé sì kọ̀, wọn ò gbéra. Ọkọ̀ òfuurufú pàápàá dúró. Fáìlì kan ni wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọ Safe Mode lọ pa rẹ́, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì jí. Ẹni tó bá sáré fọ́máàtì tirẹ̀ lọ́jọ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ da iṣẹ́ rẹ̀ nù ni.

Ìbéèrè (ọmọ tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́): Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. “No boot device found” ló kọ.

Ìdáhùn: Àbúrò, ohun tó ń sọ ni pé kò rí ibi tó ti máa gbé Windows. Yọ flash tí oníbàárà fi sílẹ̀ síbẹ̀, kó o tún un tàn. Bó bá ṣì kọ ọ́, pa á, ṣí i, yọ wáyà hard disk kó o tún un kì. Kó o wọ BIOS wò bóyá orúkọ hard disk ń hàn. Bí kò bá hàn rárá, gbé e wá.

Ìbéèrè (akọ̀wé wa ti Iléṣà): A ti fi power pack ẹlòmíràn dán an wò, ó sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Mo fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí Ifẹ̀ kẹ́ ẹ fi tuntun sí i. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni mò ń ronú lé.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ má gbé hard disk wá, mà. Níwọ̀n ìgbà tó ti ń gbéra, ẹ kó àkọsílẹ̀ náà sórí flash méjì lónìí, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ alága. Lẹ́yìn náà kí ọmọ yín tú hard disk, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e, kẹ́ ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò nílò rẹ̀ láti fi power pack sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní òun nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn, ẹ bi í léèrè ìdí. Ìwé ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ kì í ṣe ohun tí àjèjì ń wò. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà fún irú rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà sì ni yín, ọmọ Òṣómàáló, ta ni mo jẹ́ tí màá fi kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé gbèsè?

Ẹ gbé power pack àtijọ́ náà dání. Àwọn kọ̀ǹpútà HP àti Dell kan ní ẹnu wáyà tiwọn, tí kò bá ti ọjà mu, mo sì gbọ́dọ̀ fi ojú rí i kí n tó lọ rà á. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá Òṣú, ẹ pè mí.